A Kì í Kan Ilẹ̀kùn ní Skerry Cove

Rédíò sọ pé yìnyín ń bọ̀. Rédíò kò sọ pé ayé fẹ́ parẹ́. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ ni: ìjì yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, yóò fẹ́ di Sátidé, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó oúnjẹ wá bá wa kò sì ní lè rìn títí di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ta ni kò ní oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta nílé ní Skerry Cove, ìlú kékeré etí òkun tiwa yìí? Ẹran ìgbẹ́ tí a pa nígbà tí ewé ń rẹ̀ ṣì kún inú fìríìsà gbogbo wa dé ẹnu. Ṣùgbọ́n kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, àwọn èèyàn tó jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fi kẹ̀kẹ́ ìrajà gbá ara wọn ní orúnkún.

Mo wà níbẹ̀, ó ṣojú mi. Mo rí obìnrin kan tó ń dá gbé, kò bímọ, kò sin ajá, ó sì kó búrẹ́dì mẹ́rìnlá. Kí ló fẹ́ fi ṣe, ṣé kó fi ṣe ìrọ̀rí ni? Mo rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n ń já bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹran oníyọ̀ gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí ọ̀kan ń bú ìyá èkejì, ìyá tó ti wà ní itẹ́ òkú láti ọdún gbọ́nhan. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, pẹpẹ búrẹ́dì ti ṣófo, ti ọ̀dùnkún ti ṣófo, ti mílíìkì ti ṣófo, ti tíṣù ìnùdí ni kí ẹ má tilẹ̀ bi mí. Ohun tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù náà kò ju àbẹ́là ọjọ́ ìbí àti oúnjẹ ológbò lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀kánjúwà, baba àrùn. Ìjì ò tíì fẹ́ rárá, ìyàn ti wọ̀lú.

Hedley Burridge wà lára àwọn akọni ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tó fi ìdí ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì ń tẹ fèrè ọkọ̀ bí ẹni tó ń gbé ìyàwó bọ̀.

"Elfreda! Jáde wá, wá wo iṣẹ́ ọkọ rẹ!"

Elfreda ìyàwó rẹ̀ yọjú, ìyẹ̀fun funfun báláú lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí búrẹ́dì ló ń pò lọ́wọ́, nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì fúnra wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Tíṣù mélòó nìyí?"

"Ìdì méjìdínlógún."

"Ìdí mẹ́rin ló wà nínú ilé yìí, Hedley, ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣì ń wọ nápí. Èwo lo fẹ́ fi gbogbo èyí nù?"

"Ṣáà máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá dọ̀la tí wọ́n bá ń lọ tọrọ tíṣù kiri, a ó mọ ẹni tó gbọ́n."

"Àwa la gbọ́n. Àwa náà la ò ní àyè tí a máa jókòó sí mọ́."

Wọ́n kó o wọlé. Wọ́n to tíṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí tó fi bo ìdajì fèrèsé, wọ́n to ìyẹ̀fun sábẹ́ tábìlì, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹran oníyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Hedley fi ìyàngàn gbé páálí mílíìkì alágolo kan lé orí tábìlì, ó lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbì-gbì. Ó fa agolo kan yọ ní igun páálí náà, ó lu ihò méjì sí i lórí, ó sì da díẹ̀ sínú tíì rẹ̀. Ẹni tó bá mu tíì láì da mílíìkì alágolo sí i ní Skerry Cove, a ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni.

Denika sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó gbé ọmọ sí èjìká. Denika ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ epo ní Alberta, ibi tó jìnnà réré, Denika sì ti wà nílé bàbá rẹ̀ láti ìgbà tó ti bí Maisie, ọmọ oṣù mẹ́rin, tí kò rí ọmú mu nítorí ọmú ìyá rẹ̀ ti gbẹ.

"Dádì, mílíìkì Maisie dà?"

"Wo iwájú rẹ. Páálí kan gbáko! Èyí tó kẹ́yìn nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù."

"Mi ò bi yín ní ti tíì. Mílíìkì Maisie. Òun ni mo kọ sókè pátápátá nínú ìwé tí mo fún yín, mo sì fa ìlà méjì sí i nídìí."

"Mo débẹ̀, pẹpẹ rẹ̀ ṣófo. Òun ni mo ṣe rí i dájú pé mo mú èyí bọ̀." Hedley mu tíì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Kí lo rò pé wọ́n fi tọ́ èmi dàgbà? Mílíìkì yìí náà ni. Ìyá mi á bù ú, á po omi gbígbóná mọ́ ọn, á fi ṣúgà díẹ̀ sí i. Àwa mọ́kànlá ló fi tọ́. Wò mí dáadáa, ṣé mo kú?"

"Ẹ̀yin ò yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀!"

Hedley gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ti gbàgbé?" Denika ní. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ wa ọkọ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Dókítà ní mílíìkì màlúù ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ yìí mọ́. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́."

"Dókítà, dókítà. Àwọn dókítà òde òní..."

"Hedley," Elfreda dá a lẹ́nu, "gbẹ́nu rẹ sọ́hùn-ún."

Denika gbé agolo mílíìkì ọmọ, èyí tí kò ní ti màlúù nínú, sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Gbogbo wọn gbọ́ bí ṣíbí náà ṣe ń ha ìdí agolo, haa, haa. Ìgò méjì ló kù níbẹ̀. Ọ̀kan fún aago méjìlá, ọ̀kan fún aago mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ó di ọjọ́ Àìkú, bí ọkọ̀ ojú omi bá rìn.

"Bí mo bá fi omi là á, ó lè di mẹ́ta."

"O ò ní fi omi la oúnjẹ ọmọ tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń jẹ," ni Elfreda wí. "A máa rí i. Skerry Cove kọ́ ni ọmọ á ti fi ebi sùn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú. Lákòókò yẹn, ó dá a lójú lóòótọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ti ṣí gbàgà tí Blanche, àbúrò Elfreda, wọlé pẹ̀lú atẹ́gùn. A kì í kan ilẹ̀kùn níbí. Ọlọ́pàá ló ń kan ilẹ̀kùn, àti àjòjì, àti ẹni tó bá mú ìròyìn òkú wá. Ẹni tó bá jẹ́ tiwa á kàn ti ilẹ̀kùn wọlé ni, á bọ́ bàtà, á sì lọ gbé kẹ́tù kaná fúnra rẹ̀. Ohun tí Blanche sì ṣe nìyẹn.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tójú Melvina rí?" ó bi wọ́n, kò tiẹ̀ tíì jókòó.

Melvina ni aládùúgbò wọn, tí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ dojú kọ tiwọn. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun àti Elfreda ti ń já wọ ilé ara wọn bó ṣe wù wọ́n, débi pé bí Elfreda bá ń wá ìkòkò rẹ̀ kan, ilé Melvina ló kọ́kọ́ ń wá a dé.

"Kí ló dé sí i?"

"Olè! Ní àárín ṣọ́ọ̀bù, lójúmọmọ! Ṣé ẹ mọ̀ pé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ló ti tò síta nínú òtútù. Ó ti kó ẹrù tó fẹ́ rà, ó ti tò ó sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ni Àǹkù Selby, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, wá lọ ń fa àpò ìyẹ̀fun lókè pẹpẹ. Àpò já lé e láyà, bàbá ṣubú lulẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ gbọ́ o, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá! Melvina nìkan ló fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó gbé bàbá dìde, ó wá àga fún un. Nígbà tó máa padà dé ìdí kẹ̀kẹ́, wọ́n ti jí ẹrù rẹ̀ gbé."

"Jẹ́súù! Kí ni wọ́n jí?"

"Mílíìkì. Páálí tó kẹ́yìn. Ó ní nǹkan mìíràn tún bá a lọ tó dun òun ju mílíìkì lọ, ṣùgbọ́n ẹkún ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ délẹ̀."

Elfreda gbá ọwọ́ mọ́ tábìlì, ìyẹ̀fun sì fò. Obìnrin tí kì í bínú ni, ṣùgbọ́n tó bá bínú, ẹ wá ibi sá sí.

"Ẹni tó ṣe é, kí tíì ẹ̀ korò mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun! Kí mílíìkì náà di òkúta nínú ikùn ẹ̀! Inú kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń gbé arúgbó dìde ló lọ ti jalè? Olè tó ń jà lójú ìjì, kò sí èyí tó burú tó o. Àbí irọ́ ni mo pa, Hedley?"

"Ó burú," ni Hedley wí sínú ife rẹ̀.

"Ó burú nìkan? Ó burú nìkan lo rí sọ?"

"Ó burú gan-an ni."

Blanche bu tíì, ó fa agolo mílíìkì náà sọ́dọ̀, ó da díẹ̀ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí rò ó. Ojú rẹ̀ lọ bá páálí tó wà lórí tábìlì.

"Ẹ̀yin kúkú rí tiyín rà."

"Mo tètè débẹ̀," Hedley fèsì.

"Mo rò pé wọ́n ní ti Melvina ló kẹ́yìn ni."

"Méjì ló kù nígbà tí mo dé ibẹ̀."

Ṣebí òun náà ló sọ fún Denika pé òun mú èyí tó kẹ́yìn wálé. Denika gbójú sókè wò ó, ṣùgbọ́n ọmọ ké, ó sì kọjú sí ọmọ. Blanche ro tíì rẹ̀ títí, ṣúgà ti yòrò tipẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní atẹ́gùn ti ń le, òun fẹ́ máa lọ. Ó fi tíì náà sílẹ̀ ní ìlàjì.

Aago méjìlá lù, Maisie mu ìgò kan. Yìnyín bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ ń rọra bọ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, nígbà tó yá ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá. Denika jókòó ti fóònù. Ó pe ilé ìtajà oògùn, wọ́n ní kò sí. Ó pe ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé òkè téńté, ìyẹn ní àwọn ò lo irú ẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ló pe Janelle, tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, tí ọmọ tirẹ̀ náà ń mu mílíìkì kan náà. Ó ṣí ohùn fóònù náà síta kí ìyá rẹ̀ lè máa gbọ́.

"Mo ní mẹ́jọ," Janelle ní. "Àmọ́ Denika, o ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ. Mi ò mọ ìgbà tí ọkọ̀ máa dé."

"Ọjọ́ Àìkú ni."

"Wọ́n sọ pé ọjọ́ Àìkú. Tí kò bá wá dé ńkọ́?"

"Ẹyọ kan péré, Janelle. Mo bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Ọlọ́run. Màá san án padà ní méjì."

"Tí mo bá fún ẹ, ẹlòmíì náà á pè."

"Ṣé ẹlòmíì ti pè?"

Fóònù ké píì. Janelle ti pa á.

"Ẹlẹ́dẹ̀!" Denika ké mọ́ fóònù tó ti kú. "Agolo mẹ́jọ! Ọmọ ẹyọ kan ló bí, kò bí ìbẹ́ta! Kí ni èèyàn ń fi agolo mẹ́jọ ṣe?"

Elfreda la ẹnu láti bá a bú Janelle. Ó wo òkìtì tíṣù tó bo fèrèsé, ó wo ìyẹ̀fun tó wà lábẹ́ tábìlì, ó pa ẹnu náà dé.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ bá Àǹtí Melvina. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní gbogbo etí òkun yìí."

"Òun náà ni mò ń rò. Màá lọ fúnra mi. Ẹ jẹ́ kí n mú agolo díẹ̀ dání fún un nínú mílíìkì yìí, nítorí ohun tí àwọn ọmọ burúkú yẹn ṣe sí i. Ó kéré tán, á rí da sí tíì."

Ó fa páálí náà sọ́dọ̀. Hedley dìde.

"Fi sílẹ̀, jẹ́ kí n bá ọ yọ ọ́."

"Ṣé mi ò lọ́wọ́ ni?"

Ó ti ya ẹnu páálí náà. Láàárín àwọn agolo àti ẹ̀gbẹ́ páálí, ní ìsàlẹ̀, nǹkan rírọ̀ kan há síbẹ̀. Ó fà á jáde. Ìbọ̀wọ́ òwú kan ni, funfun, tí ilà pupa gba ojú rẹ̀ kọjá, tí àtàǹpàkò rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí àtàǹpàkò Melvina tó wú látàrí làkúrègbé. Elfreda ni kò mọ̀ ọ́n ni? Òun ló hun ún. Òun ló dì í fún un ní ọjọ́ Kérésìmesì.

Kò pariwo. Ó gbé ìbọ̀wọ́ náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa.

"Hedley."

"Mi ò mọ̀ pé tiẹ̀ ni."

"Mi ò tíì bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Kẹ̀kẹ́ tí kò sẹ́ni tó dì í mú! Mo rò pé wọ́n ti pa á tì ni. Gbogbo èèyàn ló ń já nǹkan gbà, Elfreda. O ò sí níbẹ̀, o ò mọ bó ṣe rí. Tí èmi ò bá mú un, ẹlòmíì á mú un."

"Ìbọ̀wọ́ wà nínú ẹ̀, o ní wọ́n ti pa á tì?"

"Ọmọ yìí ni mo ṣe é fún!"

"Ọmọ tí kò lè mu ún."

Hedley jókòó padà. Tíì tó kù nínú ife rẹ̀ ti tutù, ó ti dì lójú.

"Mo ṣẹ́ èpè," ni Elfreda wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé Denika ní láti sún mọ́ ọn. "Mo dúró níbí, mo ṣẹ́ èpè lé olè lórí, ìwọ sì jókòó síbẹ̀ ò ń mu ún. Mo ní kó korò mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun. Ó korò?"

Hedley ti ife náà jìnnà sí ara rẹ̀.

"Mo ní, ó korò?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná!" Denika kígbe. "Ẹ máa jà lọ́la! Màámi, ẹ ṣì lọ bá Àǹtí Melvina, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́."

"Kí n lọ sọ kí ni? Kí n ní mo mú mílíìkì rẹ tí ọkọ mi jí wá bẹ̀ ọ́ fún mílíìkì? Ojú wo ni màá gbé lọ?"

"Ojú lẹ ń wí? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́, ẹ ò mọ̀ pé ọmọ yìí ò mọ ojú? Ẹ̀yin méjèèjì ń rò ti ojú, ta ló ń ro ti ọmọ mi?"

Elfreda wọ bàtà yìnyín rẹ̀. Ó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó gbá a mú, ó tún padà wá jókòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́ta lù, Maisie mu ìgò tó kẹ́yìn, ó mu ún títí tí ìgò fi ń súfèé. Búrẹ́dì tí Elfreda pò láàárọ̀ wú bo ẹnu abọ́ rẹ̀, ó sì ṣàn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bojú wò ó. Níta, a kò rí ilé Melvina mọ́. Iná fèrèsé rẹ̀ nìkan ló ń tàn bàìbàì.

Nígbà tó kọjá aago márùn-ún, ọmọ náà jí. Ó kọ́kọ́ ń ráhùn, ó ń fi ẹnu wá èjìká ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló figbe bọnu. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ mọ igbe ebi. Kò jọ igbe oorun, kò jọ igbe inú rírun. Denika rìn káàkiri ilé ìdáná, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó fi ìka sí i lẹ́nu, ọmọ fa ìka náà díẹ̀, ó rí i pé wọ́n tan òun jẹ, igbe náà wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Hedley dìde, ó nawọ́ sí agolo mílíìkì tó wà lórí tábìlì.

"Díẹ̀ péré, Denika. Omi ló máa pọ̀ nínú ẹ̀. Díẹ̀..."

"Ẹ fọwọ́ kàn án," Denika ní, "kí ẹ wò ó bóyá màá tún pè yín ní bàbá."

Hedley fà á sẹ́yìn. Denika gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà. "Èmi fúnra mi ni mo ń lọ. Bí mo bá máa kúnlẹ̀ nínú yìnyín, màá kúnlẹ̀."

Bàtà kan ló tíì wọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn dún.

Kò. Kò. Kò.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbagidi. Ọkàn Denika lọ sí Alberta, sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, sídìí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń pa èèyàn. Hedley rò pé ọlọ́pàá ni, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì yí padà. Elfreda, tòun ti ọmọ tó ń ké lápá, ló lọ ṣílẹ̀kùn.

Melvina ni. Yìnyín ti bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ọwọ́ rẹ̀ kan wọ ìbọ̀wọ́ funfun onílà pupa, ìkejì wà nínú ẹ̀wù rẹ̀.

"Melvina! Kí lo wá ń kan ilẹ̀kùn fún? Wọlé, òtútù á pa ọ́."

"Ibi tí mo wà dára."

Atẹ́gùn ń fẹ́ yìnyín gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó ń yòrò sórí ilẹ̀. Melvina yọ ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀wù, ó sì mú agolo kan jáde.

"Ti Maisie nìyí. Ọmọ mi ló ń wa kátakátá tó ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, òun ló gbà á wá lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú kejì. Ó máa tó yín títí di ọjọ́ Àìkú."

Denika fi ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹkún ò jẹ́ kó lè dúpẹ́.

"Àǹtí Melvina... Àǹtí..."

"Lọ bọ́ ọmọ rẹ, ọmọ mi. Lọ." Ohùn tó fi bá Denika sọ̀rọ̀ rọ̀. Ó gbójú kúrò lára rẹ̀, ó wo Hedley, ohùn náà sì yí padà. "Hedley, irú agolo yẹn méjì wà nínú kẹ̀kẹ́ mi láàárọ̀ yìí. Orí páálí mílíìkì ni mo gbé wọn lé. Ọmọ ọwọ́ mélòó ló wà nílé mi?"

Hedley wolẹ̀.

"Mo ní mélòó?"

"Kò sí."

"Ta wá ni mo fẹ́ rà wọ́n fún?"

Denika ń da omi sínú ìgò, ọmọ ṣì ń ké.

"O gbé méjèèjì kúrò, o tò wọ́n sórí pẹpẹ, kí o lè ráyè gbé páálí. Àǹkù Selby jókòó sórí àga, ó ń wò ọ́. Ojú ẹ̀ ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ fìlà rẹ. Kí n tó dé, obìnrin kan tó ti ní mẹ́fà tẹ́lẹ̀ ti kó wọn mọ́ tiẹ̀." Melvina nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. "Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. O wà lọ́jà, Hedley. Ọmọ ọmọ rẹ ni."

Ọwọ́ Denika dúró lórí ìgò. Ó wo bàbá rẹ̀, ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ó fi ìgò náà sẹ́nu ọmọ. Igbe náà dáwọ́ dúró.

"Melvina, mi ò mọ̀," ni Elfreda wí. "Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mi ò mọ̀ títí mo fi rí ìbọ̀wọ́ rẹ."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀."

"Wọlé nígbà náà. Dákun. Jẹ́ kí n gbé kẹ́tù kaná."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀, Elfreda," Melvina tún sọ. "Ṣùgbọ́n mi ò lè wọlé."

Ó nawọ́ fa ilẹ̀kùn náà, ó rọra pa á dé láti ìta, bí ẹni pé aláìsàn kan ń sùn nínú ilé.

Elfreda dúró níwájú ilẹ̀kùn náà títí tí yìnyín tó wọlé fi di omi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí tábìlì. Ó pa ẹnu páálí mílíìkì dé, ó fi okùn dì í, ó gbé ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo náà lé e lórí. Ó gbé gbogbo rẹ̀ ti ọkọ rẹ̀ láyà.

"Gbé e lọ fún un."

"Nínú ìjì yìí? Elfreda, jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná."

"Inú ìjì yìí náà ni Melvina gbà wá síbí."

"Kí ni màá sọ fún un?"

"Èmi kọ́ ni mo jalè, mi ò lè mọ ohun tí olè ń sọ." Ó já fìlà rẹ̀ láti orí ìṣó, ó dé e mọ́ ọn lórí fúnra rẹ̀. "Dé e lọ bẹ́ẹ̀. Kó lè dá ọ mọ̀."

Ogójì ìṣísẹ̀ ni láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Hedley ti rìn ín nínú òkùnkùn, ó ti rìn ín lọ́mùtí, ó ti rìn ín tòun ti posí ọkọ Melvina léjìká. Lọ́jọ́ yẹn, ó pẹ́ kó tó débẹ̀. Yìnyín dé e ní orúnkún, páálí náà sì ń wúwo sí i. Elfreda fi ọwọ́ ti ìdì tíṣù díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè wo ìta ní fèrèsé.

Ó rí i tó dé abẹ́ iná ẹnu ọ̀nà Melvina. Ó rí i tó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn láti tì í, bó ṣe máa ń ṣe, tí ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, yìnyín ń kún orí fìlà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi orúnkún gbé páálí náà ró, ó di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, ó sì kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?" Melvina bèèrè láti inú ilé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Hedley ti ń wọ ilé náà, kò sẹ́ni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó la ẹnu, atẹ́gùn wọ̀ ọ́.

"Mo ní ta ni?"

Ó dúró síbẹ̀ tòun ti páálí náà, kò mọ orúkọ tí yóò jẹ́.